Àwọn Kọ̀ǹpútà Ilé Ẹ̀kọ́ Wa: Ṣé Kí A Pààrọ̀ Windows Wọn Ni, Tàbí Kí A Fi Wọ́n Sílẹ̀ Bẹ́ẹ̀?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àṣà, ìtàn ìlú àti àròfọ̀ ni ẹ sábà máa ń bá pàdé ní ojú ewé Yorùbá yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyè gbà mí kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun mìíràn lónìí. Ọ̀rọ̀ náà lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa láti ìgbà díẹ̀ wá, títí tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan tí gbogbo wa mọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jọ jẹun pọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni èyí: ǹjẹ́ ó yẹ kí a pààrọ̀ Windows 10 tí ó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà wa sí Windows 11, tàbí kí a fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti wà?

Nítorí pé èmi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú iyàrá kọ̀ǹpútà ní ọdún yìí, àwọn ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní kí n mú èrò mi wá sí ìpàdé. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń lo àwọn ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ̀yìn yín ni a ti pa ìmọ̀ pọ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò béèrè rí ohun tí ń mú un ṣiṣẹ́. Windows kì í ṣe kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí a fi ń tẹ ìwé. Ètò kan ni tí ó jókòó sí àárín ẹ̀rọ àti àwọn iṣẹ́ tí a ń fi ẹ̀rọ ṣe. Ó dàbí olórí ilé ìwé. Olórí ilé ìwé lè má kọ́ ọmọ kankan ní ìṣirò ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pàṣẹ kí a lu agogo, kò sí ẹni tí yóò sọ kíláàsì tí ó ni iyàrá yìí àti olùkọ́ tí ó ni wákàtí yẹn, àlejò tí kò yẹ kí ó wọlé yóò sì wọlé láìsí ẹni tí yóò bi í pé, "Ta ni ẹ ń wá?" Iṣẹ́ tí Windows ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí a bá ń sọ pé kí a pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe bébà ara ògiri ni a fẹ́ pààrọ̀. Olórí ilé ìwé ni a fẹ́ pààrọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà nínú kíláàsì.

Ilé iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà ni ó ni Windows, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé ọ̀kan jáde tẹ̀lé òmíràn. Windows XP jáde ní ọdún 2001, wọ́n sì dẹ́kun ìtọ́jú rẹ̀ ní 8 April, 2014. Windows 7 jáde ní 2009, ìtọ́jú tirẹ̀ sì dópin ní 14 January, 2020. Windows 10 tí ó wà lọ́wọ́ wa jáde ní 29 July, 2015, nígbà tí ó sì di 14 October, 2025, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Windows 11 tí wọ́n fẹ́ kí ó rọ́pò rẹ̀ ti wà lóde láti 5 October, 2021.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òpin yìí dẹ́rù bà yín ju bí ó ti yẹ lọ. Ní òwúrọ̀ 15 October, kò sí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà wa tí ó kọ̀ láti ṣí. Ohun tí ó dúró ni àtúnṣe tí Microsoft máa ń fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò ó báyìí: birikílà kan kọ́ ilé fún wa, ó sì ń padà wá ní oṣooṣù láti dí àwọn ibi tí ògiri bá ti sán. Lọ́jọ́ kan ó ní òun kò ní wá mọ́. Ilé náà kò wó ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tí kò sì ní birikílà mọ́, ẹnu rẹ̀ yóò máa là sí i ni. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ronú kàn. Windows 10 àti Windows 11 jọ ara wọn nínú lọ́hùn-ún gan-an. Nígbà tí Microsoft bá dí ihò kan lára Windows 11, àwọn olè tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí dunjú yóò yẹ àtúnṣe náà wò, wọn yóò sì mọ ibi tí ihò náà wà. Wọn yóò wá lọ wò ó bóyá irú ihò bẹ́ẹ̀ wà lára Windows 10. Bí ó bá wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dí i. Àtúnṣe tí a ṣe fún aládùúgbò wa ti di àmì tí ó júwe ilé wa fún olè.

Ọ̀rẹ́ mi tí ó jẹ́ ará Gánà sọ pé nítorí ìdí yìí, kí a pààrọ̀ gbogbo wọn lọ́la, kí a má tilẹ̀ dúró de ìpàdé. Ọ̀rẹ́ mi kejì, ọmọ Àjàṣẹ́, dá a lóhùn pé ọgbọ́n àtigba owó ni àwọn òyìnbó ń dá, pé kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò ní àìsàn kankan, àti pé ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan èyí tí ó ń lò láti fi tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ yóò rí ìjà rẹ̀. Mo gbọ́ ti àwọn méjèèjì. Kò sí èyí tí ó ń purọ́ nínú wọn, nítorí pé ohun tí olúkúlùkù wọn ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi rí.

Kí n tó wá sí ilé ẹ̀kọ́ yìí, mo ti ṣe olùkọ́ fún ọdún mẹ́rin ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí n kò ní dárúkọ. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni a ní níbẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, bátìrì rẹ̀ sì ti kú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tí ó fi jẹ́ pé bí iná bá ti lọ, òun náà ti lọ nìyẹn. Inú rẹ̀ ni a ń kọ máàkì gbogbo àwọn ọmọ sí. Ní òpin sáà kẹta ọdún 2019, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì péré kí a fún àwọn òbí ní èsì ìdánwò, kọ̀ǹpútà náà béèrè bóyá kí òun gba àtúnṣe tuntun. Ẹnì kan nínú wa tẹ ẹ pé kí ó gbà á. Èmi ni ẹni náà. Kò yẹ kí n fi pa mọ́. Iná lọ nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì. Nígbà tí iná padà dé, ojú ẹ̀rọ náà dúdú, àwọn ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lóye sì wà ní òkè rẹ̀. Ẹni tí a gbé e lọ bá ní ọjà nu gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́ tónítóní, lẹ́yìn náà ni ó wá bi wá léèrè bóyá ohun kan wà níbẹ̀ tí a nílò.

Òru méjì ni a fi kó máàkì jọ padà láti inú ìwé àwọn ọmọ. Èyí tí a rí, a kọ ọ́. Èyí tí a kò rí, a fojú díwọ̀n rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹfà tí gbogbo wa mọ̀ pé òun ni ó gba ipò kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò rẹ̀ méjì ti sọnù, ipò kẹrin ni a sì kọ fún un. Nígbà tí ó gba ìwé èsì rẹ̀, ó wò ó títí, ó sì wá bá mi pé, "Tíṣà, ṣé ohun burúkú kan wà tí mo ṣe yín ni?" N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Títí di òní, bí mo bá rí kọ̀ǹpútà tí ó ń béèrè àtúnṣe, ohùn ọmọ náà ni mo máa ń gbọ́.

Ìyá àgbà tí ó jẹ́ olórí ilé ìwé wa pè mí sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ kejì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun tuntun sínú ẹ̀rọ yẹn mọ́." Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, a kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." A sì pa àṣẹ náà mọ́ fún ọdún méjì gbáko. Ní 2021, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ki fílááṣì tí ó fi lọ tẹ ìwé ní ìsọ̀ bọ inú kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tí ó di ọ̀sán, gbogbo fáìlì tí ó wà nínú rẹ̀ ti yí orúkọ padà, kò sí èyí tí ó ṣí mọ́, lẹ́tà kan sì jókòó sí ojú ẹ̀rọ tí ó ní kí a san owó dọ́là kí a tó lè rí ohun ìní wa gbà. Ẹni tí ó kọ lẹ́tà náà kò mọ ibi tí ilé ìwé wa wà, kò sì mọ̀ pé iye tí òun ń béèrè ju owó oṣù olùkọ́ mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà yìí, mo ti gbọ́n díẹ̀. Mo ti ń tẹ máàkì sórí bébà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń tì í mọ́ inú àpótí. Kò sí ọmọ tí ipò rẹ̀ yí padà.

Àwa nìkan kọ́ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn tálákà nìkan. Ní 12 May, 2017, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry tàn ká ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó mú kọ̀ǹpútà tí ó ju 200,000 lọ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ó wọ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí àwọn aláìsàn kan padà sí ilé, nítorí pé dókítà kò rí ìwé ìtọ́jú wọn kà. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé Microsoft ti fi àtúnṣe tí ó dí ihò náà síta ní oṣù March ọdún kan náà, ìyẹn ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Windows 7 ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tí kòkòrò náà mú, Windows 7 sì ṣì wà lábẹ́ ìtọ́jú ní ìgbà náà. Oògùn wà nílé, àwọn ènìyàn kò lò ó ni. Mo sì mọ ìdí tí àwọn kan kò fi lò ó. Ó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà kan níbẹ̀ náà ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, èmi kò sí lára àwọn tí ń sọ pé kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi kò lè gbà pé kí a pààrọ̀ gbogbo wọn lọ́la, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ lè gba Windows 11. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Windows 11 béèrè fún mẹ́mórì 4 GB àti àyè 64 GB, èyí kò sì ṣòro. Ibi tí ó ti ṣòro ni pé ó tún ń béèrè fún ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tí í máa pa àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ́ nínú ẹ̀rọ, àti fún ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù. Bí ó bá jẹ́ Intel ni, ìran kẹjọ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2017, tàbí èyí tí ó tẹ̀lé e, ni ó sábà máa ń gbà. Ilé ẹ̀kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà 14. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ó dàgbà jù, ṣì ń lo Windows 7. Nínú 13 tí ó kù, mo fi ètò PC Health Check tí Microsoft fúnra wọn ṣe yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: márùn-ún ni ó yege, mẹ́jọ ni ó fìdí rẹmi.

Mo gbà pé ẹ̀sùn ọ̀rẹ́ mi ọmọ Àjàṣẹ́ kò ṣófo ní ibi yìí. Ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́, tí ojú rẹ̀ mọ́, tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò yọ, ni a wá sọ pé kò wúlò mọ́ nítorí ohun tí kò tóbi ju èékánná lọ! Ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn ènìyàn ti pariwo pé ìpinnu yìí yóò sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà dáadáa di pàǹtírí. Àwa tí a sì ń ra tòkunbọ̀ mọ ibi tí pàǹtírí ìlú òyìnbó máa ń gúnlẹ̀ sí. Ẹ kíyè sára nígbà tí ẹ bá ń ra kọ̀ǹpútà ní Àkókò yìí. Bí ẹ bá rí èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀ lójijì, ẹ béèrè ìran Intel tí ó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó yọ owó. Àwọn ọmọ ọjà kan yóò sọ fún yín pé àwọn mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí àwọn fi lè ti Windows 11 sínú ẹ̀rọ tí kò yege. Òótọ́ ni, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ ọ́ gbangba pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe. Kí ni èrè ẹni tí ó lọ gba birikílà tuntun, tí birikílà náà sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun lè má wá?

Ohun tí mo fẹ́ sọ ní ìpàdé nìyí. Àwọn márùn-ún tí ó yege, kí a pààrọ̀ wọn sí Windows 11. A kò ní san owó kankan fún un, nítorí pé ẹ̀bùn ni fún ẹ̀rọ tí Windows 10 rẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Dátà ni ìṣòro, nítorí pé ohun tí a ó fà wálẹ̀ ju 5 GB lọ. Bí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan bá ń fa tirẹ̀, owó dátà ilé ẹ̀kọ́ fún oṣù kan yóò lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sórí fílááṣì 8 GB, kí a sì gbé fílááṣì náà kiri láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Ọjọ́ tí a ó ṣe é ṣe pàtàkì ju bí a ó ti ṣe é lọ: kí ó jẹ́ nígbà ìsinmi gígùn, kí jẹnẹrétọ̀ wà ní ìtòsí pẹ̀lú epo nínú rẹ̀, kí a má sì ṣe gbogbo wọn ní ọjọ́ kan. Kí a ṣe ọ̀kan, kí a lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, Windows fún wa ní ọjọ́ mẹ́wàá tí a lè fi padà sí ti àtẹ̀yìnwá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ilẹ̀kùn náà ti tì.

Nínú àwọn mẹ́jọ tí ó fìdí rẹmi, méjì wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú orúkọ àti máàkì wa. Ètò tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lórí ohun mìíràn yàtọ̀ sí Windows, owó kò sì sí láti ra ẹ̀rọ tuntun ní ọdún yìí. Fún àwọn méjì yìí, kí a ra àtúnṣe àfikún tí Microsoft ń tà. Inú mi dùn nígbà tí mo rí iye rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń san dọ́là 61 lórí ẹ̀rọ kan ní ọdún kìn-ín-ní, iye náà sì ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n fún ilé ẹ̀kọ́, dọ́là kan ni ọdún kìn-ín-ní, méjì ni ọdún kejì, mẹ́rin ni ọdún kẹta, tí yóò parí ní oṣù October, 2028. Ẹ̀rọ méjì fún ọdún mẹ́ta jẹ́ dọ́là 14 péré. Kí a má sì rò pé bí a bá fi falẹ̀ a ó jèrè, nítorí pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kejì yóò san ti ọdún kìn-ín-ní pẹ̀lú. Àwọn tí ó ní kọ̀ǹpútà tiwọn nílé yóò bi mí pé tiwọn ńkọ́? Ètò kan wà fún aládàáni náà: dọ́là 30, tàbí lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé tí ó sì jẹ́ kí wọ́n bá òun tọ́jú ẹ̀dà ètò ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ètò náà kalẹ̀ ní 2025, 13 October, 2026 ni wọ́n fi ṣe òpin rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà á, ó fi ra àkókò ni.

Ó wá ku àwọn mẹ́fà tí ó wà ní iyàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ibi tí àríyànjiyàn yóò ti le jù. Èrò mi ni pé kí a mú Windows kúrò nínú wọn pátápátá, kí a fi Linux sí i. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn kan. Ẹnì kan ti sọ fún mi pé oúnjẹ tálákà ni Linux. Ẹ gbọ́ ná. Akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa ni ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Linus Torvalds, ní yunifásítì kan ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ní ọdún 1991, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21. Láti ìgbà náà, àwọn ènìyàn káàkiri ayé ni wọ́n ń ṣe é tí wọ́n sì ń fi í fún ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ni ó wà ní ìsàlẹ̀ Android tí ó wà nínú fóònù tí ọ̀pọ̀ yín fi ń pe ilé. Ọmọ Áfíríkà ni ó sì dá oríṣi rẹ̀ kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jù sílẹ̀ ní 2004: Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa. Ubuntu ni ó pè é, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará gúúsù Áfíríkà fi ń pe ìwà ènìyàn sí ọmọnìkejì, tí ó súnmọ́ ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Linux Mint, tí wọ́n kọ́ lé orí Ubuntu, ni mo yàn fún wa, nítorí pé ó rọrùn fún ẹ̀rọ àgbà, ojú rẹ̀ sì jọ ti Windows.

N kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Linux ní ìwà kan tí mo fẹ́ràn: ènìyàn lè lò ó láti orí fílááṣì láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, kí ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n wọ íntánẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì bi mí ní nǹkan kan. N kò ní tan yín jẹ. Microsoft Word tí a mọ̀ kò sí níbẹ̀. LibreOffice ni ó rọ́pò rẹ̀. Ó ń ṣí fáìlì Word, ó sì ń tọ́jú fáìlì bí ti Word, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó máa ń da tábìlì rú. Arábìnrin kan tí ó ti Lomé wá bá iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ tí àwọn ìlà rẹ̀ ti wọ́ lọ sí ojú ewé kejì, inú rẹ̀ kò sì dùn sí mi ní ọjọ́ náà. Nítorí èyí, kí ẹni tí ó bá ń parí iṣẹ́ àṣekágbá máa lo àwọn márùn-ún tí ó ní Windows 11, kí a sì fi orúkọ wọn ṣáájú nínú ìwé ìlò ẹ̀rọ.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ó mú inú ẹ̀yin tí ẹ ń kọ èdè ìbílẹ̀ dùn. Ẹ mọ ìyà tí ó ń jẹ wá lórí àmì ohùn, bí àwọn ẹ̀rọ kan ṣe máa ń sọ ẹ olóhùn òkè di àpótí òfìfo. Nínú Linux, bátànì ìtẹ̀wé Yorùbá ti wà níbẹ̀, kò sí ohun tí a ó rà. Ti Akan, ti Ewe àti ti Gã wà níbẹ̀ fún àwọn ará Gánà, bátànì Faransé tí àwọn ará Benin àti Tógò mọ́ lọ́wọ́ náà sì wà. Windows ní ti Yorùbá pẹ̀lú, kí n má ṣe ṣàbòsí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí kọ̀ǹpútà kan ní ilé ẹ̀kọ́ yìí tí ẹnikẹ́ni ti tàn án sílẹ̀.

Ti àgbà tí ó ń lo Windows 7 ńkọ́, èyí tí ó wà ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn wa? Òun ni ó mọ ọwọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí a ní, òun ni a sì fi tẹ ojú ewé tí ẹ ń kà yìí. Kò bá íntánẹ́ẹ̀tì pàdé rí láti ìgbà tí ó ti wà lọ́dọ̀ wa. Kí a fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò jáde kò ní pàdé olè lọ́nà, bí a kò bá sáà fi fílááṣì mú olè wá bá a nílé. Kí fílááṣì kan ṣoṣo, tí a ti yẹ̀ wò, jẹ́ ti ẹ̀rọ náà, kí ó má sì lọ sí ibòmíràn.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ yóò wáyé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, wọ́n sì lè má gba gbogbo ohun tí mo sọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò ní dúró de ìpàdé kí n tó ṣe. Láti ọjọ́ Ajé, èmi àti àwọn olùrànlọ́wọ́ mi méjì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo fáìlì tí ó wà nínú àwọn 13 náà kọ sórí háàdì dísìkì méjì. Ọ̀kan yóò wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, èkejì yóò wà ní ilé ìkàwé. A ó sì tẹ máàkì ìdánwò sórí bébà. A kò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan títí a ó fi ṣí àwọn ẹ̀dà náà wò tí a ó sì rí i pé wọ́n pé. Bí ẹ bá ní ohun kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà tí ẹ kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí, ẹ wá kó o kúrò kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ó wá kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ fáìlì náà sínú ìwé tí ó wà lórí tábìlì mi. Mo máa ń wà níbẹ̀ láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà tí iná bá lọ.